Owó Ta Ni?

Àlẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni álẹ́ẹ̀tì náà wọlé. Ilá ni mo ń gé lọ́wọ́, mo sì fi ìka tó ń yọ̀ ṣí fóònù: ₦85,000. Orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo ka òdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ilé ìwé ọmọ mi kejì tó kù nílẹ̀ jẹ́ ₦78,000, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì ilé ìdáná, mo ní, "Baba, ẹ ṣeun." Kì í ṣe pé mo fẹ́ jalè. Olè kì í kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo rò pé àdúrà ló gbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, mo ti to ẹ̀rí tí mo máa jẹ́ níwájú ìjọ lẹ́sẹẹsẹ: bí wọ́n ṣe ní kí ọmọ má wọ kíláàsì mọ́, bí mo ṣe gbààwẹ̀, bí Olúwa ṣe lo ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Odidi rẹ̀ ni irọ́.

Àsìkò ni kò jẹ́ kí wọ́n pe ẹ̀rí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ àjọ̀dún àwọn akọrin ni, ìwàásù sì gùn. Mo bínú lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tó yọ mí nínú ìtìjú gbangba lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìwà rere mi. Àwọn akọrin tó kọ orin mẹ́fà dípò mẹ́ta ni.

Ọmọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o. Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi kí n tó lè jókòó, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 16, ó sì ti tó ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Èmi náà ni mo máa ń sọ ìtàn Ananíà àti Sàfírà fún wọn, tọkọtaya tó mú apá kan owó ilẹ̀ wá, tí wọ́n fi ìyókù pamọ́. Mo mọ̀ ọ́n sọ débi pé àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ bo ẹnu. Kí ló wá dé tí gbogbo ọdún wọ̀nyí kò fi dé inú ìka tó ṣí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn?

Bí mo bá ń ro irú ọ̀rọ̀ yìí, John Newton ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó kọ "Amazing Grace," orin oore-ọ̀fẹ́ tí a ń kọ níbi òkú àti níbi ìdúpẹ́, tí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá lè gbè. Bí àwọn oníwàásù ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ kúrú, ó sì dùn: oníṣòwò ẹrú ni, ìjì bá a lójú agbami, ó ké pe Ọlọ́run, ó di àtúnbí, ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Òótọ́ ni ìjì náà. Oṣù Kẹta ọdún 1748 ni. Òótọ́ sì ni igbe tó ké. Ibi tí ìtàn náà ti fo kòtò ni àárín "ó di àtúnbí" sí "ó fi òwò ẹrú sílẹ̀."

Lẹ́yìn ìjì yẹn ni Newton ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú. Láàárín 1750 sí 1754, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tu ọkọ̀ wá sí etíkun wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ó ń ka Bíbélì. Ó ń kó àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ fún ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé. Abẹ́ pákó tó dúró lé, èèyàn ló wà níbẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Nígbà tó sì kúrò nídìí òwò náà, ẹ̀rí ọkàn kọ́ ló gbé e kúrò. Àìsàn ló kọlù ú nígbà tó kù díẹ̀ kó tún wọkọ̀. Ó di àlùfáà ní 1764, ó ń wàásù, ó ń kọ orin. Ó di 1788 kó tó tẹ ìwé kékeré kan jáde tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú, tó sì jẹ́wọ́ apá tó kó nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn ìjì.

Mi ò sọ èyí láti fi Newton ṣẹ̀sín. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò lè ka ara òun sí onígbàgbọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀ kíkún títí ó fi pẹ́ dáadáa lẹ́yìn ìjì náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé iṣẹ́ tó níyì ni gbogbo ènìyàn ka òwò náà sí níbi tó wà. Àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń bá a gbàdúrà, kò sẹ́ni tó fi ìka kàn án léjìká pé, "Newton, àwọn wo ló wà nísàlẹ̀ yẹn?" Ní ìparí 1785, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣòfin kan, William Wilberforce, yọ́ wá bá a ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìmọ̀ràn nípa ọkàn ara rẹ̀. Newton ní kó má kúrò nílé ìgbìmọ̀. Kò pé ọdún méjì tí ọmọdékùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti òwò ẹrú, ìgbà yẹn ni arúgbó náà tó mú kálàmù. Ọkàn tó ti yí padà láti ọdún gbọọrọ náà nílò ẹni tó máa fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Etíkun kan náà, apá Sàró tí Newton ti ń ra èèyàn, ni wọ́n sọ ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn kalẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù nínú ọkọ̀ ẹrú. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Crowther, ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Iṣẹ́ ọwọ́ òun àti àwọn tó bá a ṣe é ni Bíbélì Yorùbá tó pé odidi ní 1884, èyí tí màmá mi fi kọ́ ìwé kíkà.

Ẹ ṣí Bíbélì náà, ẹ óò bá ìwà níbi tí ẹ kò retí rẹ̀. Nínú èso Ẹ̀mí mẹ́sàn-án tí Pọ́ọ̀lù kà fún àwọn ará Gálátíà, méjì ló ń jẹ́ ìwà: ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìwà tútù. Ìwà pẹ̀lẹ́! Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àwọn babaláwo kí ọkọ̀ míṣọ́nnárì kankan tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà kò lọ dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Wọ́n mú ohun tí baba wọn fi ń wọn ènìyàn, wọ́n gbé e sí ọwọ́ Ẹ̀mí Mímọ́. Mo mọ àwọn tí èyí máa ń bí nínú nínú ìjọ. Èmi, inú mi máa ń dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó máa ń dá mi dúró jù lọ ni èyí tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì: "máa tọ́ ara rẹ sí ìwà-bí-Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn eléré ìdárayá ni, bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn títí iṣan á fi gbà. Yorùbá kò mú pápá ìṣeré wá. Títọ́ ló mú wá, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Ó sì fi ìyẹn dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí kò sí nínú ti Gíríìkì, torí kò sí ọmọ tó ń tọ́ ara rẹ̀. Kí ọmọ tó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìgbà mélòó ni ìyá rẹ̀ ti ti ọwọ́ òsì padà? Ó ń tì í padà lójú àlejò, ó ń tì í padà nígbà tí ó ti rẹ ìyá náà, ó ń tì í padà láìbínú, títí ọjọ́ kan tí ọwọ́ ọ̀tún á na ara rẹ̀ jáde láìrò ó. Ẹni tí a bí tí a kò kọ́, a ní orúkọ fún un. Ẹni tí a kọ́ tí kò gbà, a ní orúkọ fún òun náà. Ẹni tí wọ́n kọ́, tó gbà, tó tún ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ẹ̀kọ́ náà sì dúró sí ẹnu rẹ̀, mo wá orúkọ rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọ ti bá ara wọn fa èyí fún ìgbà pípẹ́. Thomas Aquinas, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ní àwọn ìwà rere kan wà tí ènìyàn ń ní nípa ṣíṣe é léraléra, àwọn mìíràn sì wà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń dà sínú ẹni, tí àṣetúnṣe kò lè bí. Martin Luther dé ní 1517, ó ní rárá: ṣíṣe òdodo kọ́ ló ń sọni di olódodo, ìgbà tí a bá ti sọ wá di olódodo la tó ń ṣe òdodo. Ti Luther ni mo ń gbọ́ jù lórí pẹpẹ níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀: jáde síwájú, gba Jésù, ìwà á tẹ̀ lé e. Ní ti orísun oore-ọ̀fẹ́, mi ò ní bá Luther jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́jà ni mí, mo sì mọ nǹkan kan nípa kóńgò.

Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà, ní Bódìjà. Ẹni tó bá ń náwó oúnjẹ ní Ìbàdàn á mọ àrékérekè kóńgò: wọ́n á lu ìdí rẹ̀ wọnú títí á fi yọ bí ikùn, ẹni tó ń rà á rí òkìtì lókè, kò rí òkè tó wà nísàlẹ̀. Ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, màmá mi gbé kóńgò kan wálé tí ìdí rẹ̀ yọ díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nílé wa. A ń jẹun. Màmá mi sì ni ìyá ìjọ tó máa ń gbé àwo ọrẹ nígbà náà, ó mọ ẹsẹ ìwé Òwe nípa òṣùwọ̀n èké tó jẹ́ ìríra lójú Olúwa, ó tilẹ̀ ti fi kọ́ mi.

Àlhájà kan ló pààlà ìsọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kan, tí kò sí oníbàárà nítòsí, Àlhájà na ọwọ́ gbé kóńgò tuntun náà, ó fi àtàǹpàkò kan ìdí rẹ̀ láti inú, ó gbé e padà síbi tó wà. Kò sọ nǹkan kan. Ó padà sídìí ọjà rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Màmá mi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé òun kò lè gbé oúnjẹ mì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kóńgò náà di ohun tí à ń fi bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé. Òun ni mo fi wẹ̀ títí mo fi wọ ilé ìwé gíga. Màmá mi padà sí kóńgò onídìí títẹ́ tó ti ń lò tẹ́lẹ̀, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún ó lé, títí ó fi di pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan kóńgò mìíràn, á ní, "Èyí ò rí bó ṣe yẹ," kó tó wo inú rẹ̀ rárá. (Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì kú láìbá àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀.)

Ṣé Aquinas ló jàre ni? Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bi í. Ohun tí mo rí ni àtàǹpàkò Àlhájà.

Ìdí nìyí tí ìtàn John Wesley, àlùfáà tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, fi wọ̀ mí lára ju ti gbogbo wọn lọ. Bristol ni, ọjọ́ 15 oṣù Kejì, 1742. Gbèsè wà lọ́rùn ilé ìsìn wọn, wọ́n sì pàdé láti jíròrò bí wọn yóò ṣe san án. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Foy dìde, ó ní kí oníkálùkù máa dá pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní tálákà pọ̀ nínú wọn, wọn kò ní lè san. Ó ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù fún òun. Òun á máa kàn sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá ní, òun á fi tòun dí i. Bí wọ́n ṣe pín ara wọn sí kíláàsì nìyẹn, méjìlá méjìlá. Owó ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn olórí kíláàsì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìròyìn mìíràn bọ̀: mo bá lágbájá níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, mo bá tàmẹ̀dù tó ti mutí yó. Wesley rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá kiri nìyí. Nígbà tó kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1743, ó fi iṣẹ́ méjèèjì sọ́rùn olórí kíláàsì: kó rí ẹni kọ̀ọ̀kan ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó bi í bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe dáadáa sí; kó sì gba ohun tó bá fẹ́ mú sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tálákà.

Ẹgbẹ́ tó kéré ju kíláàsì lọ tún wà, tí Wesley ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì 1738. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo mọ̀ pé o ti dá láti ìgbà tí a ti ríra gbẹ̀yìn? Ìdánwò wo lo bá pàdé? Báwo lo ṣe bọ́? Ẹ̀kẹrin ni mi ò lè fo: kí lo ti rò, tí o ti sọ, tàbí tí o ti ṣe, tí kò dá ọ lójú bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Ẹni tó ronú kan ìbéèrè yìí mọ ọmọ aráyé. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, a lè jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra wa nínú yàrá. Àwọn tí a ti wọ aṣọ ìdúpẹ́ fún ni kò ní jáde àyàfi kí ẹnìkan pè wọ́n.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Bristol, ní oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ìgbàgbọ́ Mẹ́tọ́díìsì, kíláàsì sì bá a wá. Ó ṣì wà títí di òní. Ẹni tó bá ń lọ sí irú ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ owó kíláàsì. A ní ìwé rẹ̀, a ní akọ̀wé rẹ̀, a ní olórí rẹ̀. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n lè kọ́kọ́ ṣí ìwé kíláàsì kí wọ́n tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín. Ìyẹn ni pé pẹ́nì ọ̀gá Foy la òkun já láìfarapa. Ìbéèrè Wesley ló rì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ó dára bó ṣe rì. Kò ṣàìní ìdí. Nínú ìjọ tí a ti ń bi ara ẹni ní ìbéèrè ọkàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn ti dé ọjà kó tó dé ọ̀run. Ìbéèrè nípa ìwà a sì máa di ọ̀kọ̀. Crowther náà rí i. Ní oṣù Kẹjọ 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ìtara ìwà mímọ́ ń gbóná lára wọn jókòó ti bíṣọ́ọ̀bù tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n ń ka ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lé wọn. Àwọn ẹ̀sùn kan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ àsọdùn. Arúgbó náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ tí wọ́n jọ wà sílẹ̀. Ọjọ́ tó parí ọdún 1891 ló kú, wọ́n sì fi òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò bá a gbé, wọn kò fi tiwọn dí ohun tó kù fún un. Foy sọ pé òun á san ti ẹni tí kò ní kó tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ààlà wà.

Olórí kíláàsì tiwa, obìnrin tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Màmá Kíláàsì la máa ń pè é. Ẹni ọdún 79 ni nígbà náà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bó bá ti gba owó ẹ, tó ti kọ ọ́ sílẹ̀, kì í dá ọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn álẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kẹsàn-án, mo fún un ní owó kíláàsì mi. Ó kọ ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Báwo lọkàn?"

"Dáadáa ni, mà."

"Hẹn." Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. "Èwo lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí kò tíì yé ọ?"

Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ro ó fún un bí ẹ̀rí, pẹ̀lú ààwẹ̀, pẹ̀lú owó ilé ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ Olúwa. Ó gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá.

"Owó ta ni?"

Mo ní mi ò mọ onítọ̀hún, mà. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ó mú agbòjò rẹ̀, ó ní ká dúró dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lọ.

Mo wà ní báńkì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó náà tó kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò sì rò pé mo ti wá nǹkan tó ṣòro láti fún èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lórí owó ilé ìwé: mo yá a nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, mo sì fi oṣù mẹ́jọ san án.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Mi ò sọ ọ́ fún Màmá Kíláàsì náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lórí àga ní báńkì yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ka àkọsílẹ̀ owó náà sókè kó lè dá a lójú pé òun ló ń wò. Orúkọ, ọjọ́, iye owó. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀: "owó oògùn màmá." Ó wo ojú mi. Mo ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Láti àlẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mo ti ń gé ilá ni mo ti kà á.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, ojú Màmá Kíláàsì kò ríran tó mọ́, wọ́n sì gbé ìwé náà fún mi. Orúkọ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mi ò yẹ, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pe ẹni mẹ́rin. Gbogbo wọn ní a dúpẹ́. Mo béèrè owó, wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́, mo sàmì sí i.

Ẹnì karùn-ún jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná, tí mi ò bá sọ̀rọ̀ gidi rí. Ó gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ káàsán, mà. Mo ti san tèmi o."

Mo ní mo mọ̀, mo ti rí i.

Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Mo ń gbọ́ fáànù tó ń yí lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ọmọ kan tó ń sunkún lókèèrè. Kò sì pa fóònù.